Ẹ Lo Ọ̀sẹ̀ Mẹ́wàá, Bí Bẹ́ẹ̀ Kọ́ Ẹ Má Lọ

Gbogbo wa la mọ ẹskọ́ṣọ̀n. Kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ náà, a ti wẹ̀, a ti wọ yunifọ́ọ̀mù tí màmá lọ̀ mọ́jú, a sì ti gbé kúlà ìrẹsì dání. Bọ́ọ̀sì ilé-ìwé á gbé wa lọ sí Òkè Olúmọ tàbí ọgbà ẹranko tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, tíṣà á máa ka orí wa bí ẹni ń ka owó, ìrẹsì á sì ti tán kí a tó dé ibẹ̀. Tí wọ́n bá bi wá nílé pé kí la kọ́, ẹlòmíràn á ní òun rí kìnnìún tó ń sùn. Ó parí. Síbẹ̀, ó ti lé ní ogún ọdún báyìí, a ò tíì gbàgbé kìnnìún yẹn.

Àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà náà ń ṣe ẹskọ́ṣọ̀n, àfi pé tiwọn ń kọjá òkun. Olùkọ́ kan á kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá tàbí ogún sẹ́yìn, ó di ìlú òkèèrè, fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́fà, lásìkò ìsinmi Oṣù Kìíní tàbí ìgbà ooru. Olùkọ́ tó ń kọ́ wọn nílé náà ni yóò máa kọ́ wọn lọ́hùn-ún, máàkì tí wọ́n bá gbà níbẹ̀ á sì wọ inú èsì ìdánwò wọn. Nínú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà tó ń lọ kàwé lókè òkun lóde òní, ó ju ìdajì lọ tí kì í lò tó oṣù méjì kó tó padà sílé. Àwọn èèyàn sì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: wọ́n ní fàájì ni wọ́n bá lọ, pé ìwé tí wọ́n gbé dání, wọ́n fi bo fàájì náà lójú ni.

Ìtàn tí a fẹ́ sọ ni ti ìgbà tí ìjọba Amẹ́ríkà mú yẹ̀yẹ́ yẹn, tó sọ ọ́ di òfin. Orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é fún, ìyẹn Kúbà. Kúbà sì kàn wá. Ibẹ̀ ni Yemọja ti ń jẹ́ Yemayá, tí Ṣàngó ń jẹ́ Changó, tí wọ́n ń pe èdè àti ẹ̀sìn àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ ní Lukumí. Akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà tó bá dé Havana, bó fẹ́ bó kọ̀, yóò pàdé wa níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní rò. Ẹskọ́ṣọ̀n tó tóbi jù tí a mọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì yìí, àwọn ọmọ Kúbà ló lọ ọ́. Ogun Amẹ́ríkà àti Sípéènì ti parí ní 1898, àwọn ológun Amẹ́ríkà ló sì ń ṣàkóso Kúbà. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Alexis Frye, tí wọ́n fi ṣe alábòójútó àwọn ilé-ìwé ibẹ̀, ló gbé èrò kan kalẹ̀: kí wọ́n kó àwọn olùkọ́ Kúbà lọ sí Yunifásítì Harvard fún ẹ̀kọ́ ìgbà ooru. Charles Eliot, ààrẹ Harvard nígbà náà, gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n tọrọ owó lọ́wọ́ aráàlú, iléeṣẹ́ ológun sì yọ̀ǹda ọkọ̀ ojú omi. Nígbà ooru ọdún 1900, olùkọ́ tó tó 1,300 ló gúnlẹ̀ sí Massachusetts. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì tíì kúrò ní Kúbà rí láyé wọn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n lò. Wọ́n kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n kọ́ ìtàn Amẹ́ríkà, wọ́n kọ́ bí a ṣe ń kọ́ ọmọdé, wọ́n sì ti ibẹ̀ ya New York àti Washington kí wọ́n tó wọkọ̀ padà sílé. Frye fúnra rẹ̀ jèrè níbẹ̀ o: ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ náà ló padà fi ṣaya. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé kò sẹ́ni tó sọ nígbà náà pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti kéré jù. Amẹ́ríkà fẹ́ kí Kúbà fẹ́ràn òun, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sì tó fún un. Ọkọ̀ ológun ló gbé wọn lọ, ọkọ̀ ológun ló gbé wọn bọ̀.

Lọ́dún 1900 yẹn, ọdún mẹ́rìnlá péré ni ìfinisẹ́rú ti dópin ní Kúbà. Àwọn arúgbó tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n kó lọ nínú ọkọ̀ ẹrú, ṣì wà láàyè ní Havana àti Matanzas. Kò sí yunifásítì kankan tó rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ jókòó tì wọ́n pé kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rántí. À ń sọ ọ́ lásán ni, ṣùgbọ́n ó máa ń dùn wá.

Lẹ́yìn tí Fidel Castro gba ìjọba ní 1959, nǹkan yí padà. Ní Oṣù Kìíní 1961, Amẹ́ríkà ti ilé-iṣẹ́ aṣojú rẹ̀ ní Havana pa. Ní 1962, wọ́n fòfin de òwò pẹ̀lú Kúbà, nígbà tó sì di 1963, wọ́n gbé òfin mìíràn kalẹ̀ lórí owó, tí wọ́n fà yọ láti inú òfin àtijọ́ kan tí wọ́n ṣe ní 1917 nípa bíbá ọ̀tá ṣòwò. Òfin owó yìí gbọ́n gan-an. Kò sọ pé kí ọmọ Amẹ́ríkà má lọ sí Kúbà, ó ní kó má ná owó níbẹ̀ láìgba àṣẹ ni. Tóò, ta ló lè sùn, kó jẹun, kó wọ takisí ní ìlú onílùú láì ná kọ́bọ̀?

Àwọn ọ̀dọ́ kò gbọ́. Lọ́dún 1963 náà, akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní àádọ́ta gba ìlú Prague wọ Kúbà, ìjọba sì bá wọn fa wàhálà nígbà tí wọ́n padà dé. Ní 1969, àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá wọn gé ìrèké lóko. Ìyẹn kì í ṣe ti yunifásítì, òṣèlú ni. Carter tú okùn náà ní 1977, Reagan tún un so ní 1982. Ìgbà tó di Oṣù Kìíní 1999 ni Ààrẹ Clinton tú u débi tí àwọn yunifásítì fi lè gba ìwé àṣẹ láìfi bẹ́ẹ̀ làágùn, tí ẹskọ́ṣọ̀n ọlọ́sẹ̀ méjì mẹ́ta wá di nǹkan gidi. Nígbà tó fi máa di ọdún ẹ̀kọ́ 2003 sí 2004, akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà tó ń lọ kàwé ní Kúbà lọ́dún kan ti ju 2,000 lọ.

Kí ni wọ́n ń lọ wò? Ó yàtọ̀ láti kíláàsì sí kíláàsì. Àwọn kan lọ wo ètò ìlera, àwọn kan lọ wo bí wọ́n ṣe ń dáko láàárín ìgboro, àwọn kan lọ kọ́ ijó. Ṣùgbọ́n àwọn ibì kan wà ní Havana tó ṣòro kí olùkọ́ mú ọmọ kọjá láìyà. Ilé Áfíríkà, tí wọ́n ṣí ní 1986, wà láàárín ìlú àtijọ́. Ẹgbẹ́ Asociación Cultural Yoruba, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991, ní ilé ńlá kan lójú pópó Prado, tí ère àwọn òrìṣà tó tóbi bí èèyàn dúró nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní òdìkejì èbúté, níbi tí wọ́n ń pè ní Regla, ṣọ́ọ̀ṣì kan wà tí ère Màríà inú rẹ̀ jẹ́ dúdú. Ọkọ̀ ojú omi kékeré tí wọ́n ń pè ní lanchita ló ń gbé èèyàn sọdá. Àwọn tó ń wọ ọkọ̀ náà mọ̀ pé Yemayá ni àwọn ń lọ kí.

Lójú ọ̀nà, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí ẹnì kan tó wọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀, bàtà funfun, ìbọ̀sẹ̀ funfun, nígbà mìíràn agbòòrùn funfun. Bó bá béèrè, wọ́n á ní *iyawó* ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ìyàwó tiwa náà ni, ìyàwó òrìṣà. Ọkùnrin lè jẹ́ ẹ, obìnrin lè jẹ́ ẹ. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe òrìṣà fún ní Kúbà yóò wọ funfun fún ọdún kan àti ọjọ́ méje, èèwọ̀ rẹ̀ á pọ̀ bí nǹkan míì. Ẹ fi ọdún kan àti ọjọ́ méje yẹn sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

Ní Oṣù Karùn-ún 2004, ìgbìmọ̀ kan tí Ààrẹ George W. Bush gbé kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Kúbà gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde. Wọ́n ní àwọn ilé-ìwé kan ń fi ìwé àṣẹ ẹ̀kọ́ ṣe ìgbafẹ́, pé dọ́là àwọn ọmọ wọ̀nyí ló ń bọ́ ìjọba Castro. Nígbà tó di 30 Oṣù Kẹfà ọdún náà, òfin tuntun mú iná. Ètò ẹ̀kọ́ tó bá máa wáyé ní Kúbà kò gbọ́dọ̀ dín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Olùkọ́ tó máa kó ọmọ lọ gbọ́dọ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ tí yunifásítì náà gbà síṣẹ́ pátápátá, kì í ṣe aláàbọ̀ iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mìíràn kò gbọ́dọ̀ bá wọn lọ. Ìwé àṣẹ tó ń lo ọdún méjì tẹ́lẹ̀ di ọlọ́dún kan. Òfin yìí kò sì fi àwọn ọmọ Kúbà tó wà ní Amẹ́ríkà sílẹ̀: àwọn tó ń lọ wo ìyá àti bàbá wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún mẹ́ta, fún ọjọ́ mẹ́rìnlá péré.

Ẹ wo ìyẹn dáadáa. Fún ọmọ tó fẹ́ rí ìyá rẹ̀, ọjọ́ mẹ́rìnlá ti pọ̀ tó. Fún ọmọ tó fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́, àádọ́rin ọjọ́ ló kéré jù.

Àwa tí à ń kọ kóòdù jẹun mọ irú òfin yìí, ìlà kan ṣoṣo ni. Bí iye ọjọ́ bá kéré sí 70, kọ̀ ọ́. Ó rọrùn láti kọ, ó rọrùn láti yẹ̀ wò, kò sì sẹ́ni tó máa bi kọ̀ǹpútà pé kí ni àwọn èèyàn náà ì bá ṣe ní ọjọ́ mọ́kàndínláàádọ́rin. A máa ń kọ irú ìlà bẹ́ẹ̀ nígbà tí a kò bá mọ ohun tí a ń wá gan-an, tí ọ̀gá sì ti ń dúró. Ọ̀gá ń dúró lọ́dún yẹn náà: ìbò ààrẹ ń bọ̀ ní Oṣù Kọkànlá. Ìbò 537 ni Bush fi borí ní Florida ní 2000, ọ̀pọ̀ ọmọ Kúbà tí wọ́n kórìíra Castro ló sì ń dìbò ní Florida.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lè dà bí nǹkan kékeré létí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ wò. Olùkọ́ wo ló lè fi kíláàsì rẹ̀ tó kù sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá? Akẹ́kọ̀ọ́ wo, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé oúnjẹ nígbà ooru kó lè san owó ilé, ló lè lọ jókòó sí Havana láti Oṣù Kẹfà di Oṣù Kẹjọ? Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ńkọ́, tí wọn kì í jẹ́ kó pa ọjọ́ kan jẹ nílé ìwòsàn? Ìyá ọlọ́mọ tó padà sílé-ìwé ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ méjì ni gbogbo wọn lè yọ. Ọmọ olówó nìkan ni òfin náà kò dí lọ́wọ́, nítorí ọmọ olówó lè lo ọdún kan bó bá wù ú. Àwọn tí ẹskọ́ṣọ̀n kékeré náà wà fún gan-an ni ilẹ̀kùn tì mọ́.

Iye tó lọ sọ gbogbo rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ju 2,000 lọ tẹ́lẹ̀, lọ́dún ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ lé e kò tó 200 mọ́.

Àwọn kan pẹjọ́ ní 2006. Ẹni tó ṣáájú wọn ni Wayne Smith, bàbá àgbà kan tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Johns Hopkins. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn ọkùnrin yìí yóò rẹ́rìn-ín kíkorò. Ó wà lára òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Havana nígbà tí wọ́n tì í pa ní 1961. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló di olórí ọ́fíìsì tí Amẹ́ríkà fi rọ́pò rẹ̀ níbẹ̀, kó tó bínú fiṣẹ́ sílẹ̀ ní 1982. Bóyá ni a fi rí ọmọ Amẹ́ríkà mìíràn tó mọ Kúbà tó o. Ṣùgbọ́n aláàbọ̀ iṣẹ́ ni ní yunifásítì, nítorí náà lábẹ́ òfin tuntun, kò tó ẹni tó lè kó ọmọ lọ. Pẹ̀lú rẹ̀ nínú ẹjọ́ náà ni John Cotman, olùkọ́ ní Howard, yunifásítì àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà ní Washington, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ní ìjọba kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ fún olùkọ́ bí ẹ̀kọ́ rẹ̀ yóò ṣe gùn tó. Ilé-ẹjọ́ àkọ́kọ́ dá ẹjọ́ náà nù ní 2007. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fọwọ́ sí i ní Oṣù Kọkànlá 2008: wọ́n ní ìjọba kò dí ẹnikẹ́ni lẹ́nu, dọ́là ni kò fẹ́ kó dé ọwọ́ Castro. Owó náà ni ṣáá, láti 1963.

Ní Florida, wọ́n tún fi kún un. Ní Oṣù Karùn-ún 2006, gómìnà Jeb Bush, àbúrò Ààrẹ, buwọ́ lu òfin kan tó ní yunifásítì ìjọba kankan ní ìpínlẹ̀ náà kò gbọ́dọ̀ fi owó ìjọba rán ẹnikẹ́ni lọ sí orílẹ̀-èdè tí Amẹ́ríkà pè ní alátìlẹ́yìn apániláyà, Kúbà sì wà lórí ìwé náà. Kí ni tiwa níbẹ̀? Yunifásítì Florida tó wà ní Gainesville jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n ti ń kọ́ èdè Yorùbá ní Amẹ́ríkà. Láti Key West, tó wà ní ìparí Florida, sí Kúbà kò ju 90 máìlì lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní Gainesville lè rí ọ̀nà débi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ ní Ifẹ̀ tàbí Ìbàdàn, lẹ́yìn òkun Àtìláńtíìkì, ju kó rí owó ilé-ìwé rẹ̀ fi débi tí wọ́n ti ń kọ ọ́ lórin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀.

Wàyí o, ẹ má jẹ́ ká purọ́ fúnra wa. Àwọn tó ṣe òfin yìí kò parọ́ tán. Àwọn àgbà ti sọ ọ́, ojú àlejò tóbi, kò fi ríran. Ọ̀pọ̀ irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ ni kò ju bọ́ọ̀sì aláfẹ́fẹ́ tútù, ọtí ìrèké, àti fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́. Láti ìgbà tí Sófíẹ́ẹ̀tì ti wó, tí ebi bo Kúbà mọ́lẹ̀, tí ìjọba ibẹ̀ sì fàyè gba dọ́là ní 1993, òrìṣà pàápàá ti ní iye owó lójú àlejò. Wọ́n á lu bàtá, wọ́n á jó ijó Ochún fún ogójì ìṣẹ́jú, àwọn ọmọ á pàtẹ́wọ́, olùkọ́ á ka orí wọn, bọ́ọ̀sì á gbéra. Ẹni tó mọ̀ pé iyawó ń wọ funfun fún ọdún kan àti ọjọ́ méje yóò wo ọlọ́sẹ̀ méjì yìí, yóò sì mi orí. Inú tiwa náà kì í dùn bí a bá ronú pé ẹnì kan máa kọ ojú ìwé márùn-ún lórí Ọ̀ṣun nítorí ogójì ìṣẹ́jú, kó sì gba máàkì tó pọ̀ fún un.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ló sọ pé ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tó tóbi tó ti baba òun. Àwọn òwe méjèèjì yìí kò bára wọn jà lójú wa. Èkíní ń sọ fún àlejò pé kó má rò pé òun ti mọ̀ ọ́n tán. Èkejì ń sọ pé kó ṣáà dìde lọ. Kò sí èyí tó fi ọjọ́ sí i nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ wo William Bascom. Òun ni òyìnbó Amẹ́ríkà tó wá sí Ifẹ̀ ní 1937, tó jókòó ti àwọn babaláwo, tó wá kọ ìwé ńlá lórí Ifá tó jáde ní 1969. Ní 1948, ó lọ ṣe ìwádìí ní Kúbà pẹ̀lú Berta, ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ Kúbà. Kò pẹ́ níbẹ̀ bó ṣe pẹ́ ní Ifẹ̀. Síbẹ̀ ohun tó kọ lẹ́yìn ìrìn-àjò náà, lórí òkúta àti ẹ̀jẹ̀ àti ewé nínú ẹ̀sìn Lukumí, àti lórí bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pẹ̀lẹ̀ àti owó ẹyọ wádìí níbẹ̀, àwọn onímọ̀ ṣì ń tọ́ka sí i. Ohun tí Bascom gbé wọ Kúbà ló jẹ́ kó ríran. Ó ti gbọ́ Yorùbá, ó ti mọ Ifẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ilé. Bí wọ́n bá fún ẹlòmíràn ní ọdún mẹ́ta láìsí èyí, fọ́tò ni yóò kó bọ̀.

Àti pé, ní Oṣù Kẹfà 1987, Ọọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwadé ṣe àbẹ̀wò sí Kúbà, wọ́n sì pàdé Fidel Castro. Ọjọ́ díẹ̀ ni Kábíyèsí lò. Àwọn olórìṣà Havana kò tíì gbàgbé ọjọ́ díẹ̀ yẹn. A ò rò pé ẹnikẹ́ni lè láyà láti sọ fún Kábíyèsí pé ìbẹ̀wò tí kò bá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ìgbafẹ́ ni.

Ẹni tó máa ń wá sí wa lọ́kàn jù ni ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Houston tàbí Chicago, tó lóye díẹ̀ nínú ohun tí ìyá rẹ̀ ń sọ lórí fóònù, tí ojú sì ń tì í láti dáhùn. Ká ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà nínú kíláàsì tó lọ sí Regla. Yóò gbọ́ tí àgbàlagbà kan tí kò dé Nàìjíríà rí, tí ìyá ìyá rẹ̀ pàápàá kò dé ibẹ̀ rí, ń pe omi ní *omi*, tó ń pe ewé ní *ewe*, tó ń pe ilé ní *ilé*. Ọmọ yìí yóò gbọ́ ọ yéké. Ìgbà míì ó lè jẹ́ òun nìkan ló gbọ́ ọ nínú gbogbo bọ́ọ̀sì, olùkọ́ pàápàá lè máà gbọ́. Wákàtí mélòó ni ìyẹn gbà? Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó wọ yunifásítì ní 2004, tó jáde ní 2008, kò ní àǹfààní yẹn láti ọwọ́ ilé-ìwé rẹ̀ fún ọjọ́ kan.

Òfin náà kú ní Oṣù Kìíní 2011. Obama ló pa á. Ìlànà tuntun náà yọ ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá kúrò, ó fàyè gba olùkọ́ aláàbọ̀ iṣẹ́, ó sì jẹ́ kí yunifásítì lè kó ọmọ lọ láìkọ̀wé tọrọ àṣẹ bó bá ṣáà ti jẹ́ pé máàkì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó di iyawó ní Havana lọ́jọ́ tí òfin ọlọ́sẹ̀ mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀ ì bá ti bọ́ aṣọ funfun láti 2005. Ọdún mẹ́fà àti ààbọ̀ ni ilẹ̀kùn fi wà ní títì.

Lẹ́yìn ìyẹn, nǹkan sáré. Ní 17 Oṣù Kejìlá 2014, Obama àti Raúl Castro sọ lọ́jọ́ kan náà pé àwọn fẹ́ tún ọ̀rẹ́ ṣe. Àwọn oníròyìn Amẹ́ríkà pọ̀ tí kò mọ ọjọ́ tí ọjọ́ náà jẹ́. Àwọn ọmọ Kúbà mọ̀. Ọjọ́ San Lázaro ni, ọjọ́ Babalú Ayé, Ọbalúayé tiwa, tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì El Rincón lẹ́yìn Havana, tí ẹlòmíràn á fi orúnkún wọ́ débẹ̀ láti san ẹ̀jẹ́. Ẹ̀jẹ́ ẹni ẹlẹ́ni la ò mọ̀, ṣùgbọ́n a gbọ́ pé wọ́n sunkún lọ́jọ́ yẹn. Ní Oṣù Keje 2015, wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ aṣojú tí wọ́n tì ní 1961. Ní ìparí Oṣù Kẹjọ 2016, bàálù akérò tó ń fò déédéé tún bẹ̀rẹ̀ láti Amẹ́ríkà sí Kúbà.

Ayọ̀ náà kò pẹ́. Ní Oṣù Kẹsàn-án 2017, lẹ́yìn tí àìsàn àràmàǹdà kan kọ lu àwọn òṣìṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Havana, ìjọba Trump kó ọ̀pọ̀ wọn wálé, wọ́n sì kìlọ̀ fún aráàlú kí wọ́n má lọ síbẹ̀. Àwọn yunifásítì kan fagi lé ìrìn-àjò wọn. Ní Oṣù Kẹfà 2019, wọ́n lé ọkọ̀ ojú omi àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ kúrò, wọ́n sì fòpin sí ìrìn-àjò ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti ilé-ìwé. Wọn kò fọwọ́ kan ti yunifásítì, ó yani lẹ́nu díẹ̀.

Wọn kò ka ọjọ́ mọ́. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ máa sùn ni wọ́n ń kà báyìí. Láti 2017 ni ìwé orúkọ kan ti jáde, tó ka hòtẹ́ẹ̀lì tí ọmọ Amẹ́ríkà kò gbọ́dọ̀ náwó sí nítorí pé ti àwọn ológun Kúbà ni, ní 2020 wọ́n sì tún fa àwọn mìíràn kún un. Nítorí náà, olùkọ́ tó bá fẹ́ kó ọmọ méjìlá lọ wo Yemayá ní Regla ní Oṣù Kìíní tó ń bọ̀, ohun àkọ́kọ́ tó máa ṣe nílé ni pé kó ṣí ìwé orúkọ náà, kó máa fi ìka tọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn onílé ní Havana lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ ẹni tó ṣì ní yàrá.